Mill-turn, ẹ̀rọ tó kó iṣẹ́ léètì àti mílíńgì pọ̀: èwo gan-an ni ṣọ́ọ̀bù yín nílò nínú wọn?

Ṣáàfù kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ti pọ́ńpù omi ni. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 35 mílímítà, gígùn rẹ̀ jẹ́ 300. Wọ́n gé eyín nọ́ọ̀tì sí orí rẹ̀ kan, wọ́n la ojú kíì sí orí kejì (kòtò tí kíì, irin kékeré tó ń de ṣáàfù mọ́ jíà tàbí púlì, ń wọ̀), wọ́n sì dá ihò kan tó gba inú rẹ̀ já sí òdìkejì, ibi tí píìnì ń wọ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè rò pé irin gbọọrọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Mushin, kí irú ṣáàfù yìí tó parí, ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa dè é, ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa tú u. A ó kọ́kọ́ dè é sẹ́nu chuck léètì, ohun tó ń di irin mú tó sì ń yí i, a ó fá ìdajì rẹ̀. A ó tú u, a ó yí i po, a ó fá ìdajì tó kù. A ó gbé e lọ sórí mílíńgì, a ó dè é sẹ́nu fáìsì, a ó la ojú kíì. A ó tún tú u, ó di abẹ́ dírílì.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, 12 irú ṣáàfù yìí padà sọ́dọ̀ wa láti ilé-iṣẹ́ kan. Kíì kò wọ inú àwọn kan, èyí tó sì wọ̀ ń fì sápá kan. Ọ̀gá mi gbé ọ̀kan, ó fi dial gauge, aago tó ń fi ìyẹ̀ kékeré hàn, wò ó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ nu ẹnu fáìsì mílíńgì, kí n mú ohunkóhun tí mo bá rí níbẹ̀ wá. Èérún irin kan ni mo rí, ó fẹ́lẹ́ ju èékánná lọ, ó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ fáìsì. Orí rẹ̀ la gbé gbogbo ṣáàfù yẹn lé. "Ṣé o ti rí ohun tó jẹ owó wa?" Mo ní, "Mo ti rí i, ọ̀gá." Èmi ni mo de àwọn ṣáàfù náà. Léètì kò ṣẹ̀, mílíńgì kò ṣẹ̀; láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí irin ti ń kúrò lẹ́nu ọ̀kan bọ́ sẹ́nu èkejì, ni iṣẹ́ wa ti bàjẹ́.

Àárín yẹn ni mill-turn wá mú kúrò. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo ohun tí àwọn olùtajà ń sọ yóò yé yín.

Nínú iṣẹ́ léètì, irin ló ń yí, túùlù kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fá a. Ohun tó bá rí roboto ni léètì ń ṣe. Nínú iṣẹ́ mílíńgì, irin dúró lórí tábìlì, túùlù ló ń yí, òun ló ń gé ojú pẹrẹsẹ, kòtò, ihò àti igun. Mill-turn kó iṣẹ́ méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan, tó fi jẹ́ pé irin lè wọlé bí ọ̀pá tí wọ́n gé lọ́jà, kó sì jáde bí ṣáàfù tó ti parí, láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn kàn án láàárín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń fi pe ẹ̀rọ bíi márùn-ún tí kò jọra rárá. Ọkọ̀ ni korope, ọkọ̀ ni tírélà. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ fi gbé. Nínú ọ̀rọ̀ mill-turn, àwọn ènìyàn kì í bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń bèèrè pé ẹ̀rọ náà ní ìlà ìrìn (axis, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà rìn tàbí yí) mélòó, bí ẹni pé èyí tó bá pọ̀ jù ló dára jù. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó ra ẹ̀rọ oní-ìlà márùn-ún tó jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀, gbèsè rẹ̀ sì ń gbé wọn mì.

Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó kéré jù ni èyí tí wọ́n gbé orí mílíńgì kékeré lé ẹ̀yìn léètì ọlọ́wọ́, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà. Ó wúlò fún yàrá ìkọ́ṣẹ́ ilé-ìwé àti fún ẹni tó ń ṣe àtúnṣe nǹkan kéékèèké nílé. Ṣùgbọ́n ibi tí túùlù léètì ń jókòó sí náà ni ó fi ń ṣe tábìlì mílíńgì, kò gbòòrò, kò sì lágbára tó. Bí ẹ bá fẹ́ mú un gé irin líle, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣì ní láti tú irin kí ẹ tó bọ́ sí mílíńgì, nítorí náà àrùn tí a ń wo kò kúrò. Mi ò ní gba ẹni tó fi ṣọ́ọ̀bù jẹun nímọ̀ràn láti rà á.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni léètì CNC, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ní live tool, ìyẹn túùlù tó ń yí fúnra rẹ̀. Léètì CNC lásán ní ìlà ìrìn méjì: X tí túùlù fi ń wọlé sí àárín irin tó sì fi ń jáde, àti Z tó fi ń rìn láti orí irin dé ìdí rẹ̀. Túùlù jókòó yí turret ká, àgbá ńlá kan tó ń yí láti gbé túùlù tó kàn wá síwájú. Wọ́n wá fi motor sínú turret náà, kí dírílì àti katà mílíńgì (túùlù tó ń yí, tó ń gé irin) lè máa yí níbẹ̀. Wọ́n sì kọ́ chuck pé kó má kàn máa sáré yí ṣáá: kó lè dúró gbọn-in sí igun tí wọ́n bá sọ fún un, kó sì lè yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí katà ń gé. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní C. X, Z àti C yìí nìkan ti ṣe ohun púpọ̀. Fláǹjì tó ní ihò bóòtù mẹ́fà yí ká, ẹ̀rọ yìí yóò fá a, yóò sì dá ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣáàfù tí ihò gba inú rẹ̀ já, yóò ṣe é. Yóò tilẹ̀ gé orí onígun mẹ́fà sí ojú irin, bí X àti C bá jọ ń rìn pọ̀ lábẹ́ àṣẹ kọ̀ǹpútà.

Kí ló kù nígbà náà? Y ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lóye, òun náà ló sì ń ya ẹ̀rọ tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí yóò já yín kulẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń bẹ iṣu. Ọwọ́ òsì ló fi di iṣu mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ká wá sọ pé nǹkan méjì péré ni ọ̀bẹ yẹn lè ṣe: ó lè wọlé tààrà sí àárín iṣu kó sì jáde, ó sì lè rìn láti orí iṣu dé ìdí rẹ̀. Kò lè yẹ̀ sókè, kò lè yẹ̀ sísàlẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ yí iṣu sí, àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ẹnu ọ̀bẹ kọjú sí. Ẹ̀rọ tó ní X, Z àti C, tí kò ní Y, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣáàfù orí tábìlì mi wò ó. Ṣáàfù 35 mílímítà, kíì tí ìwọ̀n àjùmọ̀lò yàn fún un fẹ̀ tó 10, ó ga tó 8, ojú kíì sì gbọ́dọ̀ jin tó 5 mílímítà nínú ṣáàfù. Fífẹ̀ ojú kíì yẹn kò gbọdọ̀ ju 10 lọ rárá, bó bá sì dín, kò gbọdọ̀ dín ju 0.036 lọ. Irun orí ènìyàn nípọn ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní Y, ọ̀nà kan ṣoṣo tó tọ́ ni pé kí ẹ lo katà 10 gééré, kó wọlé sí àárín, kó rìn lọ bọ̀. Fífẹ̀ tí katà bá ní ni fífẹ̀ tí ojú kíì yóò ní. Bí katà bá ń fì díẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ojú kíì á fẹ̀ jù. Bí katà bá ti jẹ, á fún jù. Kò sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe láti orí kọ̀ǹpútà.

Ẹnì kan lè ní kí a lo katà 8 mílímítà, kí a wá fi C yí ṣáàfù díẹ̀ sọ́tùn-ún àti díẹ̀ sósì, kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀ di 10. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wò ó ní òkè, 10 ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé àárín ni katà kọjú sí ní gbogbo ìgbà, ògiri méjèèjì kò dúró déédéé síra wọn. Wọ́n ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ṣáàfù yìí gan-an: ìsàlẹ̀ yóò fún ju òkè lọ ní ohun tó lé ní ìdajì mílímítà. Kíì tó bá fún mọ́ra ní òkè kò ní lè jókòó sísàlẹ̀. Tí ẹ bá fi fáìlì fá a títí tó fi wọlé, ògiri kò ní dì í mú dáadáa mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ̀rọ tó ní Y lè gbé katà sókè àti sísàlẹ̀ kúrò ní àárín. Ní àwọn ẹ̀rọ tí chuck wọn kò tóbi jù, ìrìn yẹn sábà máa ń tó bíi 50 mílímítà sókè àti 50 sísàlẹ̀. Ẹ ó fi katà 8 gé àárín, ẹ ó fi ṣá ògiri òkè, ẹ ó fi ṣá ògiri ìsàlẹ̀, ògiri méjèèjì á dúró ṣánṣán. Bí katà bá jẹ ní 0.01, ẹ ó sọ fún ẹ̀rọ, yóò fi 0.01 kún ìrìn rẹ̀. Ihò tí kò sí ní àárín ṣáàfù, kòtò tó fẹ̀, ojú pẹrẹsẹ tó gbòòrò ju katà lọ, gbogbo wọn di ohun tí ẹ lè ṣe. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ṣáàfù oníkíì, mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó tó wálẹ̀ díẹ̀ tàn yín láti ra èyí tí kò ní Y.

Chuck kejì ni ìpele tó tún wà lókè ìyẹn. Ó kọjú sí ti àkọ́kọ́ nínú ilé ẹ̀rọ kan náà. Nígbà tí chuck àkọ́kọ́ bá parí ojú kan irin, èkejì yóò rìn wá, méjèèjì á máa yí ní ìwọ̀n eré kan náà, èkejì á gba irin lọ́wọ́ èkíní lórí eré, wọ́n á gé e kúrò lára ọ̀pá, ojú kejì á sì di ṣíṣe. Ẹni tó bá ń ṣe ẹgbẹ̀rún búṣì kan náà, tó so ẹ̀rọ yìí mọ́ ohun tó ń ti ọ̀pá irin wọlé fúnra rẹ̀, lè máa ṣe nǹkan mìíràn kí ẹ̀rọ máa da búṣì sínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n iye ẹyọ tí ẹ ń ṣe ló máa sọ bóyá ó yẹ yín. Gígbé iṣẹ́ kalẹ̀ lórí chuck méjì gba àkókò, ẹnu chuck kejì náà ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n gé bá iṣẹ́ náà mu. Fún ẹni tó ń ṣe ẹyọ méjì lónìí, ẹyọ márùn-ún lọ́la, yíyí irin po pẹ̀lú ọwọ́ kò tíì burú.

Ìgbà yìí la wá dé orí èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń rí nínú fídíò tí ẹnu wọn á sì yà: ẹ̀rọ tí kò gbé túùlù mílíńgì sórí turret mọ́, tó ní orí mílíńgì gidi tó lè tẹ̀ sí igun èyíkéyìí, tó sì ń mú túùlù láti inú àká kan tó lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Títẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní B. Integrex tí Mazak ń ṣe ní Japan wà lára wọn, Multus ti Okuma náà wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ WFL ní Linz, ní orílẹ̀-èdè Austria, kò ṣe ẹ̀rọ mìíràn ju irú èyí lọ; orí tiwọn ni wọ́n ti ń gé ẹ̀yà irin ńláńlá bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ihò tó dá ní igun 37, eyín jíà, ojú irin tó kọ kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ yìí á ṣe é. Orí rẹ̀ lágbára ju motor inú turret lọ, ó sì ń sáré jù ú lọ.

Ohun tí fídíò kì í sọ ni pé orí kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tí turret bá fẹ́ pààrọ̀ túùlù, yóò kàn yí, kò gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ olórí títẹ̀ ní láti sá padà, kó dá túùlù padà sínú àká, kó mú òmíràn, kó tún padà wá. Ó máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan. Bí ẹ bá fi ṣe ṣáàfù tó nílò túùlù mẹ́wàá, tí ẹ sì ń ṣe igba rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ turret tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí i ló máa ṣáájú parí. Iṣẹ́ dídíjú tí ẹyọ rẹ̀ kéré, tó ní igun púpọ̀, tí irin rẹ̀ wọ́n débi pé bíba ẹyọ kan jẹ́ yóò dun ni lára, òun ni B wà fún. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà fún àwọn tó ń wa epo lábẹ́ òkun lè nílò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìyókù, kó rò ó dáadáa.

Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ti Switzerland, nítorí àwọn tó ń ṣe aago níbẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, láti máa fi gé skúrù aago kéékèèké. Ọ̀pá irin fúnra rẹ̀ ló ń rìn jáde láti inú ihò kan tó dì í mú, túùlù sì ń gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà gan-an, kí irin tó tín-ín-rín má baà tẹ̀. Skúrù tí àwọn dókítà fi ń so eegun pọ̀, orí irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pá tó ju 38 mílímítà lọ kò sábà wọ inú rẹ̀, ọ̀pá náà sì gbọ́dọ̀ gún régé, kó dán. Bí ẹ kò bá ń ṣe nǹkan tó tín-ín-rín tó sì gùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò kàn yín.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀tà pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi ẹ̀rọ kan hàn mí, tokunbo, orí rẹ̀ ń tẹ̀, ó mọ́ bíi tuntun. Mo fẹ́ san owó àsansílẹ̀." Mo ní kó dúró, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó gbé ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí kalẹ̀. Nígbà tí mo dé, a jókòó ti ìwé náà pẹ̀lú báírò pupa. Gbogbo iṣẹ́ tó wọlé láàárín ọdún kan la kà. Ibi tí irin bá ti kúrò lórí léètì lọ sórí mílíńgì, a fi àmì kan síbẹ̀. Ibi tí ó ti padà wá, a tún fi òmíràn. Ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ tí ó fi ra irin mìíràn, a fi òrùka yí i ká.

Ó ju wákàtí méjì lọ tí a fi ṣe é, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó dára jù ú lọ láti yan ẹ̀rọ. Ohun tí a rí ni pé ṣáàfù oníkíì ló pọ̀ jù, fláǹjì oníhò bóòtù ló tẹ̀ lé e, búṣì ló kù. Inú ṣáàfù ni òrùka pupa pọ̀ sí. Iṣẹ́ tó nílò kí orí tẹ̀ sí igun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọlé láàárín ọdún náà. Iye ẹyọ tí wọ́n ń béèrè kì í sábà ju mẹ́wàá lọ. Ìwé náà ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀: léètì CNC tó ní live tool, C àti Y, chuck kan. Ó kọ́kọ́ ń wò mí bí ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rà á. Ó fi owó tó ṣẹ́kù ra ilé túùlù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò mọ́ owó ẹ̀rọ. Ilé túùlù tó ń yí ní bẹ́árìn àti jíà nínú, ẹyọ kan rẹ̀ wọ́n, ẹ kò sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹyọ kan.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn olùtajà nínú: ìgbà míì wà tí ìdáhùn yóò jẹ́ pé kí ẹ má ra mill-turn rárá. Léètì CNC kan àti mílíńgì CNC kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí èyí ń fá ṣáàfù kejì, ìyẹn ń la ojú kíì ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ṣì ń pa owó wọlé. Mill-turn tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ tọ̀tún-tòsì, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì pọ̀. Bí òrùka pupa inú ìwé yín bá kéré, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mílíńgì tí ẹ ń gbà sábà máa ń jẹ́ àwo pẹrẹsẹ tí kò bá léètì tan, ẹ̀rọ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ yín.

Bí ẹ bá ti mọ irú èyí tí ẹ fẹ́, àwọn nọ́ńbà mélòó kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wò kí ẹ tó gbà. Ẹ bèèrè bí ihò inú spindle, ọ̀pá tó ń yí chuck, ṣe tóbi tó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pá irin ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ tí chuck rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8 sábà máa ń gba ọ̀pá tó tó bíi 50 sí 65 mílímítà. Bí ṣáàfù yín bá máa ń jẹ́ 70, ẹ ó máa gé irin sí ẹyọ-ẹyọ kí ẹ tó gbé e sẹ́nu chuck, àǹfààní kan ti lọ nìyẹn.

Ẹ bèèrè eré live tool. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nígbà tí katà kábáìdì bá ń gé irin sítíìlì lásán, ká ní a fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa sáré ní 100 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ọ́ di 100,000 mílímítà, ẹ sọ ìbú katà di ìlọ́po 3.14, ẹ wá fi ohun tó jáde pín 100,000 yẹn. Katà 10 mílímítà yóò nílò láti yí ní bí ìgbà 3,185 ní ìṣẹ́jú kan. Turret tó ń yí 4,000 tó fún un. Ṣùgbọ́n katà 3 mílímítà yóò nílò bíi 10,600. Lórí turret 4,000 yẹn, ẹ ó máa fi ìwọ̀nba eré wọ́ ọ lọ, iṣẹ́ á pẹ́. Bí kòtò tóóró bá pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, ẹ wá èyí tí live tool rẹ̀ ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀rọ tó wá láti Japan sábà máa ń lo 200 fóltì oní-fééèsì mẹ́ta. Tiwa jẹ́ 415. Transformer tó bá a mu gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí ẹ ń ṣírò, kí ẹ sì fi ohun tó ń mú iná dúró déédéé kún un. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí túùlù wà nínú irin, túùlù lè kán. Bó bá mú un lọ nígbà tí chuck méjì jọ di irin kan mú lórí eré, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ju kíkán túùlù lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì ní iná tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kó kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ ra tokunbo, ẹ dákun, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ bátìrì. Àwọn bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń lo kọ̀ǹpútà Fanuc. Ọ̀kan ń ṣọ́ ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, òmíràn ń rán ìlà ìrìn kọ̀ọ̀kan létí ibi tó wà. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi fún oṣù, tó tún sùn ní èbúté, tí kò sì rí iná, bátìrì lè kú. Nígbà tí ẹ bá tan án, kò ní mọ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì. Gbogbo ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú rẹ̀ lè ti pa rẹ́. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ní kí wọ́n da gbogbo parameter rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà náà, sórí flash kí wọ́n fún yín, kí wọ́n sì fi bátìrì tuntun sí i nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná kí wọ́n tó yọ bátìrì ìlà ìrìn, ibi tí àwọn ìlà náà wà ti di ìgbàgbé nìyẹn.

Ẹni tí yóò lò ó ńkọ́? Ẹ̀rọ C àti Y, ọmọ tó bá mọ CNC léètì dáadáa lè kọ́ ọ láàárín ìgbà díẹ̀, á tilẹ̀ lè máa kọ àṣẹ rẹ̀ sí i lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ olórí títẹ̀ nílò ètò CAM lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ àwòrán di ìrìn túùlù, pẹ̀lú ohun tó ń tú ìrìn náà sí èdè ẹ̀rọ yẹn gan-an, àti ibi tí ẹ ó ti wo gbogbo ìrìn rẹ̀ kí irin tó wọlé. Orí rẹ̀ àti chuck sún mọ́ra. Bí wọ́n bá kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan, àtúnṣe rẹ̀ lè gba owó ẹ̀rọ kékeré kan.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ wo ẹ̀rọ, ẹ má gbà kí wọ́n gé ohun tí wọ́n máa ń gé fún gbogbo ènìyàn. Ẹ gbé irin tiyín lọ, àti àwòrán ṣáàfù tí ó ń fún yín ní wàhálà jù. Ẹ ní kí wọ́n la ojú kíì rẹ̀ pẹ̀lú katà tó kéré sí i, kí Y lè ṣiṣẹ́ lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ṣáàfù lé orí V-block, irin tí wọ́n gé bíi V tí ṣáàfù ń jókòó sí, kí ojú kíì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi dial gauge ka ògiri ìsàlẹ̀, èyí tó kọjú sókè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yí ṣáàfù po kí ojú kíì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ka ògiri tó wá kọjú sókè báyìí. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba, àárín ni ojú kíì wà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìdajì ìyàtọ̀ wọn ni ó fi yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún gé òmíràn àti òmíràn. Ẹ wọn èyí tí wọ́n gé nígbà tí ẹ̀rọ ṣì tutù, kí ẹ sì wọn èyí tí wọ́n gé lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, kí ẹ tó ka owó.